Nereu Tí Àpọ́sítélì Kí

Láti ìgbà tí Nereu Ọláfimíhàn ti gbọ́njú ni ó ti ń fi orí àti ẹsẹ dáhùn ìbéèrè kan náà. Bí olùkọ́ bá wo ìwé orúkọ, tí ó wo ojú ọmọ náà, tí ó tún padà wo ìwé, Nereu á ti dìde: "Romu mẹ́rìndínlógún, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún, sà." Ní báńkì, bákan náà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ya fọ́tò fún káàdì ìdánimọ̀, bákan náà. Àwọn yẹn tilẹ̀ kọ ọ́ sí Nero, ó sì di kí ó padà lọ tò lábẹ́ oòrùn kí wọ́n tó gbà pé ọba burúkú ayé àtijọ́ kọ́ ni òun.

Ẹ̀bi náà, bí a bá fẹ́ pè é ní ẹ̀bi, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà. Bíríkìlà ni bàbá náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi tí kò fi Bíbélì ṣeré. Nínú yàrá wọn ní Fọlá Agoro ní ìlú Èkó, orí kan ni wọ́n ń kà ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, bí wọ́n bá sì parí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí, inú orí tí wọ́n kà ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti ń mú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí, ìkíni gígùn tí àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù fi parí ìwé Romu ló kàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ bẹ bàbá pé kó fo ibẹ̀, kí wọ́n ka Sáàmù. Bàbá ní orí Bíbélì kì í ṣe gọ́tà tí èèyàn ń fò. Ó fi ìka wá a láti òkè délẹ̀, ó dúró níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí wọ́n kí Nereu àti arábìnrin rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Nígbà tí arábìnrin náà dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Sáàmù tí kò dárúkọ ẹnì kankan ló kàn, ó sì di Tolúwalọpẹ́. Òun ríbi gbà bọ́.

Nereu di ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé Alàájì Àlímì ní Ṣómólú. Ìdí ẹ̀rọ ńlá tó ń gé ìwé ló ń dúró sí. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, gbogbo ìka rẹ̀ sì pé, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kò mọ omi í wẹ̀. Láti ilé rẹ̀ dé etí ọ̀sà ní Bàrígà kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ó sì di etí ọkọ̀ náà mú títí wọ́n fi gúnlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ òkun wá di ẹjọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn, àfi kí èèyàn mọ ìjọ tí Sabina ń lọ.

Sabina ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Palmgrove, ó máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, Nereu sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó gbà láti ṣe ìgbéyàwó ní ìjọ ìyá rẹ̀, Ìjọ Ìràwọ̀ Òwúrọ̀, ní Pedro. Níbẹ̀, àwọn tó ń gbàdúrà lé nǹkan lórí pọ̀ ju àwọn tó ń rò ó wò lọ.

Àṣà ìjọ náà ni pé kí wọ́n kéde ìgbéyàwó ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta léraléra. Pásítọ̀ Samson á ka orúkọ ọkọ àti ìyàwó, á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a so wọ́n pọ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á sì ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn ni. Ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, Díákónì Bámilóyè, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, dìde, ó na fóònù rẹ̀ sókè.

"Mo mọ ìdí kan," ó ní. "Orúkọ."

Pásítọ̀ ní, "Orúkọ ta ni, Díákónì?"

"Ti ọkọ ìyàwó. Ó ti ń ṣe mí bákan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo bá wò ó lórí fóònù. Nereus, òrìṣà òkun ni, ti àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́. Ó ní àádọ́ta ọmọbìnrin, inú omi ni gbogbo wọn ń gbé." Ó dúró kí ó wọ̀ wọ́n létí. "Àádọ́ta."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ìyá Sabina tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò wo ẹnì kankan.

Nereu dìde. "Romu mẹ́rìndínlógún, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún," ó ní. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Wọ́n ṣí Bíbélì, wọ́n sì rí i. Gbogbo ìjọ rí i, lójú ewé tí wọ́n ti ní nílé láti ìgbà ìyá ìyá wọn. Nereu jókòó, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, nítorí níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ohun tí Bíbélì bá ti sọ, kò sí ẹjọ́ mọ́ lórí rẹ̀. Ibi tó ti ṣe àṣìṣe nìyẹn.

"A rí i," Díákónì ní. "Pọ́ọ̀lù kí i. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé orúkọ náà dára."

Wọ́n dá ìkéde dúró. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ní kí Nereu wá rí àwọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà Tolúwalọpẹ́ ló bá a lọ. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò fẹ́ gbọ́, sùúrù rẹ̀ sì ti tán kó tó kúrò nílé. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n jókòó sí: Pásítọ̀, Díákónì, Sabina àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ike omi tútù kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Díákónì mu ìdajì tirẹ̀, ó nu ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí omi.

"Arákùnrin, ṣé o máa ń lá àlá omi?"

"Rárá, sà."

"Rò ó dáadáa."

"Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wa ni mo máa ń lá, sà."

"Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó máa ń tutù tí o bá fọwọ́ kàn án lójú àlá?"

Nereu wo Sabina. Sabina ń wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Tolúwalọpẹ́ ní, ó mú fóònù tirẹ̀ jáde. "Ẹ dúró síbi àádọ́ta ọmọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ò ka ìyókù. Àwọn Gíríìkì tó ni òrìṣà náà ní bàbá arúgbó jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ní kì í purọ́. Wọ́n ní akọni kan dì í mú, ó di iná, ó di omi, ẹni yẹn ò fi í sílẹ̀ títí ó fi sọ òótọ́ fún un. Èyí tó ń bínú, tó ń fi ọ̀kọ̀ oníka mẹ́ta mi ilẹ̀ tìtì, Poseidon nìyẹn." Ó nawọ́ sí iwájú Díákónì. "Ẹ ti mu ìdajì òun."

Gbogbo wọn wo ike omi. POSEIDON ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára, pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n tó gbé ọ̀kọ̀ oníka mẹ́ta dání. Ó ti pẹ́ tí ìjọ náà ti ń ra omi yìí fún ìpàdé àdúrà. Díákónì fi ìka kan ti ike náà sẹ́yìn, títí ó fi kan ti Pásítọ̀.

"Omi kọ́ là ń gbé níyàwó," ó ní.

"Pọ́ọ̀lù tí ẹ ní kò fẹ́ràn orúkọ yẹn," Tolúwalọpẹ́ ní, "ọkọ̀ wo ló gbé e dé Romu? Ẹ ka ìparí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Òrìṣà ìbejì àwọn Gíríìkì ni wọ́n fi ṣe àmì ọkọ̀ náà, àwọn tí àwọn atukọ̀ ń ké pè bí ìjì bá dé. Pọ́ọ̀lù wọ̀ ọ́. Kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún un kùn."

"Pọ́ọ̀lù wọ ọkọ̀," Díákónì dáhùn. "Kò fẹ́ ọkọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sabina. Ó yí i sí ikọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbọ́.

"Kí ló tilẹ̀ le níbẹ̀?" ìyá náà ní. "Kó yí i padà. Nathaniel dára. Mo fẹ́ràn Nathaniel." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yan aṣọ nínú ọjà, tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá a lára mu.

"Bàbá wa ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn, màá," Tolúwalọpẹ́ ní.

"Bàbá yín ò mọ̀."

Tolúwalọpẹ́ yí sí Díákónì. "Orúkọ ìtẹ̀bọmi tiyín ńkọ́, sà?"

"Epafroditu," Díákónì ní, ó gbé àyà sókè. "Ìwé Fílípì. Alábàáṣiṣẹ́ Pọ́ọ̀lù ni."

"Ara orúkọ Afrodite ni wọ́n ti yọ ọ́. Òrìṣà obìnrin ni. Inú ìfófò òkun ni wọ́n ní wọ́n ti bí i." Ó na fóònù sí i. "Ẹ kà á."

Díákónì gba fóònù náà, ó kà á. Ó sún un mọ́ ojú, ó tún un kà. Nereu mí, ó rò pé ìtìjú á mú ọkùnrin náà báyìí, á ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi, wọ́n á kéde ìgbéyàwó, òun á sì padà sí ìdí ẹ̀rọ òun. Díákónì gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó sì ń tàn.

"Ẹ ò rí i," ó ní jẹ́jẹ́. "Ẹ ò rí ìdí rẹ̀. Ilé tí mo bẹ̀rẹ̀ tí kò kúrò ní fèrèsé. Ọmọ mi tó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Mo ti ń gbààwẹ̀ láti ọdún wo wá, n kò mọ̀ pé ara mi ni mo gbé e sí." Ó di ọwọ́ Tolúwalọpẹ́ mú. "Ọlọ́run ló rán ọ, ọmọ mi."

Tolúwalọpẹ́ dúró bí ẹni tó da omi sí iná, tó wá rí i pé kẹrosíìnì ló wà nínú korobá.

Kí wọ́n tó dìde, ìgbìmọ̀ ti pinnu pé gbogbo ìjọ ni yóò yẹ orúkọ ara wọn wò. Ìsìn ìbọ́rúkọ yóò wà ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ òrìṣà Gíríìkì á kọ̀ ọ́ níwájú pẹpẹ, á gba òmíràn. Ìgbéyàwó kankan kò gbọdọ̀ wáyé ṣáájú ìyẹn.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi," Tolúwalọpẹ́ ní nígbà tí wọ́n dé ìta.

"Ó ti tó," Nereu ní. "Má bá mi jà fún un mọ́."

Ilé ìtẹ̀wé Alàájì Àlímì ni ìjọ náà gbé ìwé ìkéde ìsìn ọ̀hún wá. Kò sí ìkà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló sún mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, ìdì ìdì ni wọ́n kó o wá síwájú Nereu láti gé. Àwòrán ìgbì òkun wà lórí rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ mélòó kan wà tí wọ́n fi ìlà pupa pa rẹ́: Nereu, Epafroditu, Febe, Herme, Apolo. Tirẹ̀ ló ṣáájú. Alàájì, tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ti ń tẹ ìwé fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí láti ìgbà èwe rẹ̀, mú ẹyọ kan, ó wọ dígí ojú rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ rèé?"

"Èmi ni, sà."

"Inú ìwé mímọ́ yín kọ́ lo ní bàbá rẹ ti mú un?"

"Inú rẹ̀ ni, sà."

"Àwọn tó ni ìwé náà ló ń sá fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Alàájì bọ́ dígí. "Àwa náà ní wèrè tiwa," ó ní. "Ṣáà gé e kó gún. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e."

Nereu to ìwé náà, ó gbá a kó dọ́gba, ó tì í sábẹ́ ọ̀bẹ, ó sì gé e. Kò sí èyí tó wọ́ nínú wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Sabina gbé ìrẹsì wá fún un. Wọ́n jókòó sórí àwọn páálí ìwé lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé.

"Nereu, kí ló máa ná ọ?" ó ní. "Ọjọ́ kan péré. Sọ pé o kọ̀ ọ́, sọ pé Nathaniel ni ẹ́. Tí a bá ti délé, Nereu ni màá máa pè ọ́ títí n ó fi kú. Tí a bá jà pàápàá, Nereu náà ni màá fi bú ọ."

"Wọ́n á máa pè mí ní Nathaniel níbi ìgbéyàwó wa."

"Kí wọ́n pè ọ́ ní Nebukadinésárì. Àbí orúkọ lo fẹ́ fẹ́ ni? Màámi ti ní tí o kò bá ṣe é, àwọn ò ní tẹ́wọ́ gbà ọ́. Wọn ò ṣàwàdà."

Nereu wo ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ló sì já a láyà.

"Ó dáa," ó ní. "Màá ṣe é."

Ní ọjọ́ ìsìn, èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ọ̀nà. Màmá arúgbó kan tó ti ń jẹ́ Febe láti ìgbà èwe kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di Favour. Kó tó padà dé ìjókòó rẹ̀, ó ti bi ọmọ rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni wọ́n ní òun ń jẹ́. Díákónì bọ́ Epafroditu, ó di Olúwatóbi, ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un títí. Lẹ́yìn náà ló kan Nereu.

Pásítọ̀ Samson gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu. "Kí ni orúkọ rẹ?"

"Nereu."

"Sọ pé, mo kọ̀ ọ́."

Ó ya ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní tòótọ́; Sabina wà ní ìlà kejì, ó ń mi orí sí i jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń pe ọmọ kó wá jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Nathaniel wà lẹ́nu rẹ̀ bí eyín ẹlòmíràn. Ìka bàbá rẹ̀ ló rí, tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ èékánná, lórí ẹsẹ náà.

"Sọ ọ́," Pásítọ̀ ní.

"Mi ò lè kọ̀ ọ́, sà," Nereu ní. "Romu mẹ́rìndínlógún, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún." Ó sì rọra ti gbohùngbohùn náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀mí náà lágídí," Díákónì ní láti ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ ká dì í mú."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Díákónì Epafroditu," ẹnì kan ní.

"Olúwatóbi," Díákónì ní. "Olúwatóbi ni mò ń jẹ́." Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Nereu fi gba àárín wọn kọjá síta.

Ó ti ń sún mọ́ Pedro Road nígbà tí Sabina bá a. Bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ ti já.

"Irọ́ kékeré kan," ó ní. "Kékeré báyìí. Àwọn èèyàn ń parọ́ fún kọ́sítọ́mù, wọ́n ń parọ́ fún lánlọ́ọ̀dù, ìwọ ò lè pa kan fún mi."

"Mo gbìyànjú."

"O gbìyànjú níbo? Mo ń wò ọ́. O kàn dúró síbẹ̀ bí òpó iná."

"Sabina, orúkọ mi ni."

"Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ ni. Mo ti ń pè é láti ọdún mẹ́ta." Ó ju bàtà náà sílẹ̀, ó tún mú un. "Níbo wá la ti máa ṣe é báyìí?"

"Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọ bàbá mi."

"Ta ló máa sọ fún màámi?"

"Èmi."

"Ìwọ. Ẹni tí wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀."

"Màá ní ọkọ Sabina ló wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ó pòṣé, pòṣé gígùn tí ọlọ́kadà tó ń kọjá fi wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ó di apá rẹ̀ mú, nítorí bàtà kan kò ṣeé fi sọdá títì.

Wọ́n ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́. Pásítọ̀ arúgbó tó wà níbẹ̀ ka Nereu bí ó ti máa ń ka Jòhánù, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ṣí ojú ewé kejì. Kò sí ẹni tó gbé orí sókè. Ìyá Sabina wá, ó jókòó níwájú, ó jẹun, ó sì jó díẹ̀. Títí di òní, ọkọ Sabina ló ń pe àna rẹ̀. Ní Ìràwọ̀ Òwúrọ̀, Díákónì nìkan ló ń rántí orúkọ tuntun Díákónì. Ilé rẹ̀ ṣì wà ní fèrèsé.

Nígbà tí oyún Sabina ti ń sún mọ́ ọjọ́ ìbímọ, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ kan. Nereu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní yàrá wọn ní Fọlá Agoro, Bíbélì bàbá rẹ̀ lórí itan, ìrépé ìwé láti ìdí ẹ̀rọ ló fi ṣe àmì nínú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ṣì ń ka orí kọ̀ọ̀kan yẹn?" ìyá náà ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màá."

"Ibo lẹ dé?"

"Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ibi tí ọkọ̀ ti rì."

"Sabina, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Orúkọ ọmọ yìí, ẹ má mú un nínú Bíbélì. Tí ẹ bá dé ibi òrìṣà ìbejì yẹn, ẹ fò ó."

Sabina wo ọkọ rẹ̀. Nereu ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yọ ìrépé ìwé náà, ó ṣí ojú ewé sí orí tó kàn, orí ọkọ̀ òrìṣà ìbejì.

"Sọ fún wọn pé orí Bíbélì kì í ṣe gọ́tà," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.